Ta Ló Ni Etí Òkun California?

Ẹsẹ̀ ni Dókítà John Roberts fi rin ọ̀nà náà kí ọkọ̀ kankan tó gba ibẹ̀. Ní 1897, oníṣègùn yìí gbéra ní Monterey, ó ń tọ etí òkun lọ sí ìhà gúúsù, ó ń wo òkè, ó ń wo àfonífojì, ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ títí ó fi dé San Simeon. Ohun tó lé e jáde kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, ọkọ̀ ojú omi kan fọ́ lẹ́bàá Point Sur, wọ́n ránṣẹ́ pè é kó wá tọ́jú àwọn tó yè, ojú rẹ̀ sì rí màbo kó tó débẹ̀. Ibi tí èèyàn ti lè ṣàìsàn, tí oníṣègùn kò lè tètè dé, lójú tirẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n la ọ̀nà sí.

Èmi tí mò ń kọ èyí, ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi jẹun ní California títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀nà àárín ilẹ̀ ni mo mọ̀ dunjú, èyí tí kò lẹ́wà ṣùgbọ́n tó yá. Etí òkun kì í ṣe ọ̀nà ẹlẹ́rù. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ìyàwó mi pé bí iṣẹ́ bá ti parí, a ó háyà RV, ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná nínú, a ó sì tọ òkun láti ààlà Oregon títí dé Los Angeles. A ṣe é. Igi ńláńlá àti ìkùukùu apá òkè pọ̀, wọ́n sì dára, àmọ́ kì í ṣe àwọn ló gbé kálàmù lé mi lọ́wọ́. Àwọn ọjọ́ tó kẹ́yìn ni, láti Big Sur wá sísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ etí òkun ti wọ́n gógó, tí gbogbo ìtàn ibẹ̀ sì jẹ́ ìtàn ẹni tí wọ́n jẹ́ kó kọjá, ẹni tí wọ́n jẹ́ kó dúró, àti ẹni tí wọ́n lé.

Ọdún 1919 ni àwọn olùdìbò California fọwọ́ sí owó tí wọ́n máa fi la ọ̀nà tí Roberts rí. Ó di June 1937 kí ọ̀nà láti Carmel sí San Simeon tó ṣí. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi ń gbẹ́ òkè, òkè kan tí kò ní etí, tó jẹ́ pé bó ṣe ń parí ni òkun ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n San Quentin wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n pàgọ́ sórí òkè fún wọn, sẹ́ǹtì 35 ni wọ́n ń san fún ọkùnrin kan lóòjọ́, wọ́n sì ń dín ọjọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù. Àwọn ló fi dínámáìtì fọ́ àpáta, tí wọ́n da òkúta sínú omi. Ní 1932, afárá Bixby parí, kọnkéré tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun láti òkè kan sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 714 ní gígùn, ó sì ga ju 260 lọ sókè odò. Gbogbo ayé ló ń ya fọ́tò rẹ̀. Èmi kò rí ibì kankan ní ìdí rẹ̀ tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹlẹ́wọ̀n kan sí, ó sì dùn mí, torí ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ gígùn gba ibẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ẹni tó ń bọ̀ láti àríwá, ẹ̀gbẹ́ òkun gan-an ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà. Ní gbogbo kọ́nà tí mo bá yí, màá gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Bàbá Ìbejì, ẹ rọra o, ẹ jọ̀ọ́." Mo sì ń rọra.

Òkè náà kò tíì gbà fún wọn títí dòní. Ní May 2017, òkè ya ní Mud Creek, ó bo títì mọ́lẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú wọ inú òkun. July 2018 ni wọ́n tó tún ọ̀nà ṣí, orí ilẹ̀ tó ya yẹn náà ni wọ́n sì là á gbà.

Ní Big Sur, àkọlé wà káàkiri ẹ̀gbẹ́ títì pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ibùdó tó wà fún àwa onílé orí táyà ti kún láti oṣù púpọ̀ ṣáájú. Mo mọ ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fi yẹ. Ní 2016, iná tí ẹnì kan dá lọ́nà àìtọ́ ní Garrapata di iná igbó Soberanes tó jó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ, a kọjá San Simeon àti ààfin Hearst láìdúró, torí ilé olówó kan kì í ṣe ohun tí mo wá wò.

Carpinteria la ti rí àyè. Ibùdó ìjọba kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí òkun, ọ̀dà dúdú sì ń sun láti inú ilẹ̀ lẹ́bàá omi, ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Àwọn Chumash tó ni ilẹ̀ yẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀ mọ ìwúlò ọ̀dà náà. Pátákó ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní tomol, okùn ni wọ́n fi ń rán an, ọ̀dà yìí ni wọ́n sì fi ń dí ojú rẹ̀ kí omi má baà wọlé. Ẹnu iṣẹ́ náà ni àwọn ọmọ ogun Spéìn tí Portolá kó kọjá ti bá wọn ní 1769. Ọ̀nà àwọn Chumash, orí omi ló wà. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ló ń wá bí wọ́n ṣe máa fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀bá òkè Rincon nítòsí ibẹ̀, níbi tí ìyàngbẹ kò fẹ̀ ju iyanrìn etí omi lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń kó èrò máa ń dúró kí omi òkun fà sẹ́yìn kó tó sáré gba orí iyanrìn kọjá. Nǹkan bí 1912 ni wọ́n ri òpó igi mọ́ iyanrìn, tí wọ́n sì tẹ́ pákó lé e kí mọ́tò lè gba orí rẹ̀. Lónìí, ọ̀nà ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títì àtijọ́ tó kù létí òkun sì ti di ibi tí àwọn RV ń tò sí lẹ́sẹẹsẹ, imú èyí sí ìdí ìyẹn.

RV fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ẹni bíi tèmi. Ní 1910, èyí tí ilé iṣẹ́ Pierce-Arrow gbé jáde, fún olówó tó ní dẹ́rẹ́bà ni. Lẹ́yìn náà ni Wally Byam bẹ̀rẹ̀ sí kan Airstream ní agbègbè Los Angeles, ilé tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Ó di 1966 kí Winnebago, ní Forest City ní ìpínlẹ̀ Iowa, tó bẹ̀rẹ̀ sí kan ọkọ̀ ilé lọ́pọ̀ yanturu, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Carpinteria ti dàgbà jù mí lọ, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni. Nígbà tí ìyàwó mi gbé dòdò fún un, ó jókòó tì wá, ó sì sọ pé ilé orí táyà kì í ṣe àṣà tuntun nínú ìdílé òun. Nígbà tí àwọn òbí òun ń kó bọ̀ láti Louisiana, oúnjẹ, omi, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti garawa ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà nínú mọ́tò, torí òtẹ́ẹ̀lì tó máa gbà wọ́n kò dájú, ilé epo mìíràn kò sì ní jẹ́ kí wọ́n lo ilé ìyàgbẹ́. Ohun tó sọ yìí wà nínú ìtàn. Victor Hugo Green, tó ń pín lẹ́tà, tó sì ń gbé ní Harlem, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé kan ní 1936 tó ń tọ́ka sí ilé tí adúláwọ̀ ti lè sùn, tó ti lè jẹun, tó ti lè gé irun. Ọdún méjì lẹ́yìn òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 1964 ni ìwé náà ṣì ń jáde. Bàbá náà bi wá bóyá a máa dé Manhattan Beach. Mo ní a lè kọjá níbẹ̀. Ó ní ká má kàn kọjá.

Kí èèyàn tó débẹ̀, á kọ́kọ́ gba Malibu, ìtàn Malibu sì ṣe pàtàkì sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní 1892, Frederick Rindge ra oko màlúù ńlá kan tó gba gbogbo etí òkun ibẹ̀. Nígbà tó kú ní 1905, May ìyàwó rẹ̀ pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní gba ilẹ̀ òun kọjá. Ó ṣe ọgbà, ó ti géètì, ó fi àwọn ẹlẹ́ṣin tó gbé ìbọn ṣọ́ ọ. Ó tilẹ̀ la ojú irin tirẹ̀ kí ilé iṣẹ́ rélùwéè Southern Pacific má baà gba ibẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Los Angeles ní ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Washington, wọ́n sì dá a ní 1923: ìjọba lágbára láti gba ilẹ̀ ẹni fún ìlò gbogbo èèyàn, bó bá ti san owó rẹ̀. Ọ̀nà ṣí ní 1929. Mo wa ọkọ̀ mi gba ibẹ̀, inú mi sì dùn sí ìdájọ́ yẹn. Láìsí i, èmi kò ní rí òkun Malibu.

Ẹ wá wo ohun tí òfin kan náà ṣe níbi tí kò jìnnà sí Malibu, ní ọdún tó tẹ̀ lé ìdájọ́ náà.

Ní 1912, Willa Bruce ra ilẹ̀ létí òkun ní Manhattan Beach, dọ́là 1,225. Charles ọkọ rẹ̀ ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ná Salt Lake City sí Los Angeles, nítorí náà ìyàwó ló dúró ti okòwò náà. Ó ń ta ohun jíjẹ, ó ń háyà aṣọ ìwẹ̀, nígbà tó yá wọ́n kọ́ ilé ìtura, ilé oúnjẹ àti gbọ̀ngàn ijó. Àwọn adúláwọ̀ Los Angeles, tí ọ̀pọ̀ etí òkun ti lé wọn, ń rọ́ wá síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Iyanrìn iwájú ilé wọn jẹ́ ti onílẹ̀ kan, George Peck. Ó sàmì sí i, ó kọ ọ́ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀. Àwọn àlejò rìn yí po fún nǹkan bí ìdajì máìlì, wọ́n sì wẹ̀ náà. Àwọn kan tú afẹ́fẹ́ inú táyà àwọn àlejò náà, ẹnì kan dáná sábẹ́ ilé. Àwọn Bruce kò lọ.

Ní 1924, ìgbìmọ̀ ìlú náà ní àwọn fẹ́ gba ilẹ̀ náà láti fi ṣe ọgbà ìtura. Àwọn Bruce béèrè 120,000 dọ́là, 14,500 ni wọ́n fún wọn. Wọ́n wó ilé wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n ní àwọn nílò ní kánjúkánjú wà lásán fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí apá kan nínú rẹ̀ tó di ọgbà.

Ọmọ Èkó ni mí, ìtàn yìí kò sì lè ṣàjèjì sí mi. Ní 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Àpápá. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, kò gbà pé owó orúkọ lásán ló tọ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ lọ sí London ní 1920, ní 1921 sì ni àwọn adájọ́ ibẹ̀ sọ pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ẹbí àti ìlú, àti pé iye tó yẹ onílẹ̀ ni kí ìjọba san. Olóyè Olúwa ní ìlú lẹ́yìn. Willa Bruce kò ní ju ìdílé rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò díẹ̀ lọ, níwájú ìgbìmọ̀ tí kò sí ẹni tó jọ ọ́ nínú rẹ̀.

Dockweiler, lábẹ́ ọ̀nà òfuurufú Los Angeles, la gbé ọkọ̀ sí ní òru tó kẹ́yìn. Ní àárọ̀, a rìn létí òkun dé Manhattan Beach. Ibi tí ilé ìtura àwọn Bruce wà, ilé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yọ ènìyàn nínú òkun ló wà níbẹ̀ báyìí. Lórí òkè lẹ́yìn rẹ̀ ni ọgbà tó ń jẹ́ Bruce's Beach wà, koríko rẹ̀ mọ́, àwọn ọmọdé ń sáré. Ní 2021, Gómìnà Newsom fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí wọ́n lè dá ilẹ̀ náà padà. Ní July 2022, ìjọba ìbílẹ̀ Los Angeles kó ìwé rẹ̀ fún àwọn àrọ́mọdọ́mọ Charles àti Willa, wọ́n sì háyà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní 413,000 dọ́là lọ́dún. Ní oṣù kìíní 2023, ìdílé náà ní àwọn fẹ́ tà á padà fún ìjọba ní nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là.

Ọ̀rọ̀ títà yìí dá èmi àti Ìyá Ìbejì sí méjì lórí ìjókòó tó kọjú sí omi. Mo ní ilẹ̀ tí èèyàn sunkún fún tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe títà. Ó ní òfin ìlú ti yà á sọ́tọ̀ fún ìlò gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé ìtura sórí rẹ̀ mọ́, "kí lẹ fẹ́ kí wọ́n fi ṣe, Bàbá Ìbejì, kí wọ́n máa wò ó?" Mo ní èrè ọgọ́rùn-ún ọdún kò sí nínú mílíọ̀nù 20. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gba nǹkan wọn ló ń pinnu bí wọ́n ṣe fẹ́ gbà á padà.

Níbi tí a ti jọ fohùn ṣọ̀kan ni ti àwọn ìdílé adúláwọ̀ yòókù. Ìdílé Bruce nìkan kọ́ ni ìpinnu 1924 lé. Àwọn mìíràn ní ilé lórí òkè díẹ̀ sí ti Willa, ilẹ̀ tiwọn ló wà nínú ọgbà tí àwọn ọmọdé ti ń sáré yẹn, ti ìlú Manhattan Beach sì ni títí dòní.