Ohun Tó Kù Lẹ́nu: Fréjọ̀n, Èdè àti Etí Ọ̀sà ní Àdúgbò Àgùdà l'Ékòó

Ẹni tó bá gba Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ lọ sí Campos Square lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé Pópó Àgùdà. Àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ lórí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn kan nínú wọn àti ọmọ wọn padà wálé. Pierre Verger (1968) tọ ipasẹ̀ ọkọ̀ àti òwò láàrin Bahia àti etíkun wa. Antonio Olinto (1964), tó ṣiṣẹ́ fún ìjọba Brazil l'Ékòó, kọ nípa ìdílé wọn. Manuela Carneiro da Cunha (1985) ní ẹ̀sìn Àgùdà, ìyẹn Kátólíìkì, ni wọ́n fi ya ara wọn sọ́tọ̀. Ní tèmi, ilé ìdáná ló yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia lọ́dún 1835 ni ìpadàbọ̀ náà gbóná. Ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan. Àwọn mìíràn ra ara wọn padà, wọ́n sì san owó ọkọ̀. Nítorí òkìtì iyanrìn ẹnu ọ̀sà Èkó, ọkọ̀ kékeré ló ń já èrò wọlé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́hùn-ún ń jẹ́ Tòkunbọ̀. Orúkọ yìí di ti òpópónà kan ládùúgbò náà. Lónìí ó ti di ti mọ́tò àlòkù. Orúkọ a máa rìn jìnnà ju olórúkọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró nídìí ìkòkò fréjọ̀n, oúnjẹ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Wọ́n á ṣa ẹ̀wà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e kaná láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ títí yóò fi jinná pátápátá. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí èèpo má bàa bá a lọ. Wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á fún omi rẹ̀ sí i, wọ́n á fi ṣúgà sí i, wọ́n á wá máa rò ó lórí iná. Rírò yìí gan-an niṣẹ́: ẹni tó bá fi í sílẹ̀ lọ kí àlejò, yóò padà bá a tó ti jóná nísàlẹ̀. Ọbẹ̀ ẹja tó ta sánsán ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, wọ́n á wọ́n gaàrí lé e. Ṣúgà àti ata nínú àwo kan! Ẹni tí kì í ṣe ọmọ àdúgbò máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n a sì máa bù ú fún aládùúgbò, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí.

Inú feijão ti èdè Potogí ni orúkọ fréjọ̀n ti wá. Ẹ̀wà lásán ló túmọ̀ sí. Èdè náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ tó oúnjẹ rẹ̀. Pa Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà, ló ń fi èdè náà darí àdúrà àwọn Àgùdà kí àwọn àlùfáà Faransé tó fìdí kalẹ̀ ní 1868. Ṣùgbọ́n láti 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì ti di èdè ìjọba, Yorùbá Èkó sì ni ọmọ ń gbọ́ ní ojúde. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju orúkọ ìdílé bíi Da Rocha àti Pereira, eré kàrétà ọjọ́ ọdún, àti orúkọ oúnjẹ. Ẹnu Ìsàlẹ̀ Èkó náà ní tirẹ̀ tí kò jọ̀wọ́: ìga ni wọ́n ń pe ààfin ọba, Ìdúngànràn, orúkọ ìga náà, sì ń rántí oko ata olóyè Arómirẹ.

Omi ńkọ́? Láàrin àwọn ọdún 1970 ni wọ́n da iyanrìn sí etí Màrínà, wọ́n la títì gba ibi tí ọ̀sà wà. Ilé àwọn Àgùdà náà ń lọ: Ilójò Bar ní Tinúubú, tí ìjọba ti kéde ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní 2016. Ìkòkò kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gorí iná. Mo rò pé ìyẹn ló jẹ́ kí fréjọ̀n pẹ́ ju èdè, etí ọ̀sà àti ilé lọ.

Ní Bahia, àwọn obìnrin ṣì ń dín àkàrà lẹ́bàá títì. Acarajé ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń ya "jẹ" kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ọmọ Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ tó ń pọ́n àwo fréjọ̀n lá, òun náà kò mọ̀ pé ẹ̀wà lòun ń pè.