Ọkọ̀ Apẹja Láti Ilẹ̀ Òkèèrè: Ẹ̀kọ́ Ìtàn fún Àwọn Ará Etí Ọ̀sà

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ìgbà wo ni àwọn ará etí òkun wa bẹ̀rẹ̀ sí ra ọkọ̀ lọ́wọ́ àjòjì, èsì tí wọn yóò fọ̀ ni pé ìgbà tí Òyìnbó kó ọkọ̀ onírin dé ni. Èsì náà kò tọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ tí a gbẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ti ń gúnlẹ̀ sí etí òkun láti Ouidah títí dé Èkó, Òyìnbó kọ́ ni ó sì gbẹ́ ẹ. Inú igbó Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Gánà ní ọdún 1957, ni ọkọ̀ náà ti wá. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe àròbá lásán. Ní Bàrígà àti ní gbogbo etí ọ̀sà Èkó, ẹni tí ó bá kó owó tí ẹbí rẹ̀ tù jọ lé ọkọ̀ kan lórí ti fi oúnjẹ ọ̀pọ̀ ọdún ta tẹ́tẹ́. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ irú ọkọ̀ tí ó gbe àwọn tí ó ti ra tiwọn ṣáájú, àti irú èyí tí ó kó wọn sí gbèsè.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún àti èyí tí ó tẹ̀lé e, àwọn oníṣòwò láti Potogí, Họ́lándì, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá ìṣòro kan pàdé ní etí òkun Ouidah. Kò sí èbúté níbẹ̀. Ìgbì ń ya lu iyanrìn tọ̀sán tòru, ọkọ̀ ńlá kò sì lè sún mọ́ ilẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ọ̀nà ọ̀sà bí ẹní mọ ojú owó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọn, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga, ni a ṣe fún omi tí kò ru. Ohun tí àwọn oníṣòwò náà ṣe ni pé wọ́n kọ́kọ́ yà sí Gold Coast, wọ́n ra ọkọ̀ tí ó lè la ìgbì kọjá níbẹ̀, wọ́n sì háyà àwọn atukọ̀ ará Elmina àti Fanti tí wọ́n mọ̀ ọ́n tù. Wọ́n kó àwọn wọ̀nyí dání lọ sí Ouidah, àti ní ìgbà tí ó yá, sí Èkó. Kò yẹ kí a gbàgbé irú ẹrù tí ọkọ̀ wọ̀nyí ń kó: ẹrú ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti inú òwò burúkú yìí ni a ti rí ẹ̀rí pé ọkọ̀ tí a gbẹ́ ní ibì kan ti di ọjà ní ibòmíràn, nítorí pé ó bá omi ibẹ̀ mu.

Báwo ni a ṣe ń ṣe ọkọ̀ náà? Igi arère ni ó gbajúmọ̀ jù lọ fún un, èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní wawa, tí àwọn oníṣòwò pákó sì ń pè ní obeche. Igi náà ga, ó tóbi, ó fúyẹ́, kò sì le jù fún àáké. Ibi tí igi bá wó sí nínú igbó gan-an ni àwọn agbẹ́kọ̀ ti ń gbẹ́ inú rẹ̀. Bí ó bá ti di ihò gbọọrọ tí imú rẹ̀ mú ṣóńṣó níwájú àti lẹ́yìn, wọn a wọ́ ọ jáde dé ojú ọ̀nà, wọn a sì gbé e lọ sí etí òkun. Ìdí ọkọ̀ nìkan ni ẹni tí ó ra á gbà. Kò sí ìjókòó, kò sí ọ̀dà, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan. Olúwarẹ̀ ni yóò wá káfíńtà tí yóò kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè ga, tí yóò fi igi dábùú rẹ̀, tí yóò sì kun ún. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gùn tó mítà 10 sí 18. Nítorí pé ẹni tí ó rà á ni ó ń parí rẹ̀ bí agbára rẹ̀ ti tó, tálákà lè bẹ̀rẹ̀ sí ra ọkọ̀ ńlá díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí òwò ẹrú parí, àwọn apẹja fúnra wọn ni wọ́n gbé ọkọ̀ yìí káàkiri. Àwọn Fanti, àti àwọn Ewe láti agbègbè Keta, ń rìn láti ìlú dé ìlú ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ń tẹ̀lé ẹja bí darandaran ti ń tẹ̀lé koríko. Wọ́n dé Togo, wọ́n dé Kútọnu, wọ́n dé Àgbádárìgì àti Èkó. Àwọn ará ilé kọ́ lílo àwọ̀n ńlá àti ọkọ̀ gígùn lára wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààlà kò jẹ́ kí nǹkan rọrùn títí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lé àwọn àjòjì tí kò ní ìwé jáde, àwọn oníṣòwò Yorùbá tí ó fara gbá a kò sì kéré. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ni ó kó ẹrù wọn, ọmọ Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ àjòjì ti ra ọ̀rọ̀ ìjọba méjì mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Bàrígà. Ọ̀sà ni ó kọjú sí, kì í ṣe òkun. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ tó nǹkan bí 208 kìlómítà níbùú lóròó, síbẹ̀ ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ kò jìn ju mítà 2 lọ. Omi rẹ̀ a máa níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì tún di omi tútù nígbà tí òjò bá pọ̀. Àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n ti etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó wá, àti àwọn Ègùn tí ìrandíran wọn ti mọ ọ̀sà láti Àjàṣẹ́ dé Èkó, ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ń fi ẹja pípa jẹun níbẹ̀. Ọkọ̀ onípákó tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú ni ó bá irú omi bẹ́ẹ̀ mu. A lè fi ọ̀pá tì í, a lè fi àjẹ̀ tù ú, a sì lè ta ìgbòkun sí i bí àwọn awaiyanrìn Bàrígà ti ń ṣe. Kò sí ìdí tí ẹni tí ń pa ọ̀bọ̀kún àti ẹpìyà nínú omi mítà 2 yóò fi ra ọkọ̀ tí a gbẹ́ fún ìgbì òkun. Àwọn Ìlàjẹ kò sì ṣe aláìmọ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn ènìyàn wọn kan tẹ̀dó ní ọdún 1947, iṣẹ́ yìí wà lára àwọn iṣẹ́ tí gbogbo ìlú pawọ́ pọ̀ ṣe.

Síbẹ̀ ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohun kan wà tí káfíńtà etí ọ̀sà kò lè kàn: ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 1909 ni Ole Evinrude, ọmọ Nọ́wè tí ó di ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Ní ọdún 1960 ni Yamaha ti ilẹ̀ Jàpáànì gbé tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Láàrin ọdún 1950 sí 1960, a ti bẹ̀rẹ̀ sí dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò lára ọkọ̀ apẹja ní Senegal àti ní Gánà. Ìdí ọkọ̀ Gánà mú ṣóńṣó, kò sí ibi tí a lè so ẹ́ńjìnnì kọ́ sí. Nítorí náà wọ́n kan igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì so ó síbẹ̀. Ní Senegal, ihò ni wọ́n lu sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ ọkọ̀ àtijọ́ nù nítorí ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀rọ ni wọ́n mú bá ọkọ̀ mu. Nígbà tí Yamaha sì ṣe irú èyí tí ó pè ní Enduro, tí kò ní àrà púpọ̀ nínú, tí a ṣe fún iṣẹ́ àṣekára, àwọn apẹja Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí pé mẹ́káníìkì etí omi lè tú u kí ó sì tún un tò.

Àwọn ìjọba gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1961, ìjọba Gánà dá ilé-iṣẹ́ ẹja pípa ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ó sì ra ọkọ̀ ńláńlá láti òkèèrè, títí kan ilẹ̀ Soviet. Ọkọ̀ wọ̀nyí fẹ́ epo púpọ̀, wọ́n fẹ́ sípíà páàtì tí kò sí nítòsí, wọ́n sì fẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí owó oṣù wọn ga. Púpọ̀ nínú wọn jókòó sí èbúté. Ní àkókò kan náà, ọkọ̀ arère tí kò ní ọ̀ṣọ́ ń pọ̀ sí i. Ìkànìyé ọdún 2016 fi hàn pé ó lé ní 11,000 ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ń pẹja ní etí òkun Gánà. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun di ọ̀tá apẹja kékeré, nítorí pé ó ń fa àwọ̀n wọn ya. Òfin ẹja pípa lójú òkun ti ọdún 1992 ni ó kà á léèwọ̀ fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti pẹja láàrin máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ láti etí ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó wá dán gbogbo ètò wò. Ní ọdún 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ díẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ó di nǹkan bí náírà 4 fún dọ́là 1 ní ọdún 1987. Ẹ́ńjìnnì tí apẹja ń rà tẹ́lẹ̀ di ohun tí ó wọ́n gan-an. Ní ọdún 2023, nígbà tí ìjọba mú ìrànwọ́ kúrò lórí epo, owó epo bẹntiróòlù fò ju ìlọ́po méjì lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní ìgbà méjèèjì, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ṣeé fi ọ̀pá tì, tàbí tí ó ṣeé ta ìgbòkun sí, rí ọ̀nà jẹun. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè rìn láìsí ẹ́ńjìnnì dúró sí èbúté.

Nísinsìnyí ọkọ̀ fáíbà ti ilé-iṣẹ́ òkèèrè ni àríyànjiyàn dá lé lórí. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn ní ẹjọ́ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Fáíbà kì í jẹrà. Kòkòrò inú omi oníyọ̀ tí ń dá ihò sí pákó kò rí i jẹ. Igi ńlá sì ti ń ṣọ̀wọ́n nínú igbó Gánà, bẹ́ẹ̀ ni pákó dáradára ń wọ́n ní Èkó. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn náà kò sọ àsọdùn. Bí ọkọ̀ pákó bá gbá igi lábẹ́ omi, ìṣó àti pákó ni a ó fi tún un ṣe ní ọjọ́ kejì. Bí ti fáíbà bá fọ́, oògùn tí a ń fi lẹ̀ ẹ́ pàápàá láti òkèèrè ni, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì mọ̀ ọ́n lò.

Kò pọn dandan kí a lọ jìnnà láti rí ohun tí ó lè parí ìjà yìí. Ṣómólú tí ó múlé ti Bàrígà ni a mọ̀ sí ilé àwọn atẹ̀wé. Ẹ̀rọ Heidelberg àlòkù láti Jámánì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Ẹ̀rọ àjòjì ni, kò sì sí ẹni tí ó kábàámọ̀ rẹ̀ nítorí èyí. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tí ń tún un ṣe, àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ ọ, gbogbo wọn wà ní òpópónà kan náà. Àdúgbò ti sọ ẹ̀rọ náà di tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ arère ṣe di ti etí òkun, tí ẹ́ńjìnnì Jàpáànì sì ṣe di ti apẹja.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ìtàn yìí fi lé olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n máa fi wọn yẹ ọjà òkèèrè gbogbo wò kí a tó sanwó rẹ̀. Ǹjẹ́ ó bá omi tí a ó lò ó lé lórí mu? Ta ni yóò tún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́? Bí owó wa bá sì wálẹ̀, tàbí tí ààlà bá tì, ǹjẹ́ yóò ṣì lè rìn? Ọkọ̀ tí kò wọ́n tí kò sì rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbèsè ni. Èyí tí ó bá rí i, ilẹ̀ yòówù kí ó ti wá, a lè fi àjẹ̀ lé e lọ́wọ́ ọmọ, kí a sì ní kí ó máa tù ú lọ.