Ta Ló Ni Ẹjọ́? Ìrìn-àjò Ẹjọ́ Ọ̀ràn Láti Ààfin Ìfọ̀nyìn Dé Ilé-Ẹjọ́ Pọ́bẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń darí ìwà wa. Ká ní ìjà bẹ́ láàárín àgbẹ̀ méjì ní Ìfọ̀nyìn lórí ààlà oko, tí ọ̀kan sì fi àdá ṣá èkejì lọ́gbẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹbí méjèèjì yóò rò ni pé kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, kí ẹni tó ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀, kí ó san owó ìtọ́jú, kí ọ̀rọ̀ sì tán níbẹ̀. Ìyàlẹ́nu ni ó máa ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bá rí i pé ẹni tí a ṣá lọ́gbẹ́ ti dárí jì, síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wọn a ní: "Àwa méjèèjì tí a ni ẹjọ́ ti parí rẹ̀. Ta ló tún kù?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ìtàn ló bí i, ìtàn ni yóò sì dáhùn rẹ̀.

Kí àwọn Faransé tó dé, ìpele ìpele ni ẹjọ́ ń gbà ní àwọn ìlú Yorùbá. Baálé a máa parí aáwọ̀ inú agbo ilé. Olórí àdúgbò a gbọ́ èyí tó bá ju agbára baálé lọ. Ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ló sì ń dá ẹjọ́ tó wúwo, pàápàá èyí tí ẹ̀mí bá ti bọ́ nínú rẹ̀. Òfin kan tí gbogbo ìpele wọ̀nyí mọ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, nítorí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí ìdájọ́ ń wá ju lọ ni àtúnṣe: kí a san ohun tó bàjẹ́, kí a ṣe ètùtù bí ó bá yẹ, kí àwọn tó jọ ń gbé lè tún máa jọ gbé.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi oyin pa ìtàn. Ẹni tí kò ní ẹbí lẹ́yìn, àlejò tàbí ẹrú, kì í sábà rí ẹni gbèjà rẹ̀. Bí ọba bá sì ti sọ̀rọ̀, kò sí ibòmíràn tí ẹni tí a dá lẹ́bi lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún ọdún 1889, ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tó fa ààlà gba àárín ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn kọjá. Àwọn ará Ìfọ̀nyìn bá ara wọn ní ìhà méjèèjì. Ọ̀nà tí ẹjọ́ ń gbà sì di méjì láàárín ọmọ ìyá. Ní ìhà ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọba àti ìjòyè jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ nínú ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ lábẹ́ ojú òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ìhà tiwa, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n tọ̀.

Àṣẹ ọjọ́ 10 oṣù Bélú ọdún 1903 ló ṣètò ìdájọ́ fún gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó dá ilé-ẹjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ onílùú Faransé. Olóyè abúlé ń gbọ́ ẹ̀sùn kéékèèké. Olóyè àgbègbè, pẹ̀lú àwọn èèkàn ìlú méjì, ń gbọ́ èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀ràn ńlá di ti commandant de cercle, ẹni tí èèkàn ìlú méjì jókòó tì láti gbà á nímọ̀ràn lórí àṣà. Bí ìdájọ́ bá ju ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún lọ, ìwé ẹjọ́ náà yóò rìnrìn-àjò lọ sí Dakar kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Kò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ tí ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ àwọn olóyè fi bọ́. Àṣẹ ọjọ́ 16 oṣù Ògún ọdún 1912 pa ilé-ẹjọ́ abúlé àti ti àgbègbè rẹ́. Iṣẹ́ ìlàjà nìkan ni ó ṣẹ́ kù fún olóyè. Láti ìgbà náà ni a ti pín ohun tó ti wà papọ̀ sí méjì: àgbà ń parí ìjà, ìjọba ń fìyà jẹ ọ̀daràn. Ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ìyàlẹ́nu àwọn ẹbí tí mo mẹ́nu bà lókè.

Ta wá ni commandant yìí? Òun ló ń gba owó orí. Òun ló ń pe ènìyàn sí iṣẹ́ ọ̀nà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ló ń mú ènìyàn, òun kan náà ló sì ń dájọ́. Èyí tó burú ju èyí lọ ni indigénat. Lábẹ́ rẹ̀, commandant lè rán ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 15, kí ó sì bu owó ìtanràn tó tó 100 franc lé e, láìsí ìgbẹ́jọ́ rárá. Kí ènìyàn pẹ́ kí ó tó san owó orí, tàbí kí wọ́n ní kò bọ̀wọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba, èyí ti tó. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn ọ́, ẹni tó wádìí rẹ, ẹni tó dá ọ lẹ́bi: ẹnì kan ṣoṣo ni. Àárín àwọn méjèèjì sì ni ògbufọ̀ dúró sí, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè gba ènìyàn tàbí kí ó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n.

Ọdún 1946 ló yí ojú ewé yìí padà. Wọ́n fòpin sí indigénat. Àṣẹ ọjọ́ 30 oṣù Igbe ọdún náà sì fòpin sí ìdájọ́ ìbílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀ràn, ó sì mú gbogbo ènìyàn wá sábẹ́ ìwé òfin ìjìyà ti Faransé. Lẹ́yìn òmìnira ọjọ́ 1 oṣù Ògún ọdún 1960, orílẹ̀-èdè tuntun tọ́jú ohun tó jogún, ó ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2018 ni Benin tó ṣe òfin tó fún un ní ìwé òfin ìjìyà tirẹ̀. Òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀ràn tí à ń tẹ̀ lé lónìí ti jáde ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2013.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ wa tó fi àdá ṣá ẹnì kejì, ká tẹ̀ lé ẹjọ́ rẹ̀ bí yóò ti lọ lónìí. Àwọn ọlọ́pàá Ìfọ̀nyìn yóò gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n lè tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n òfin-ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1990, ní abala 18, pààlà fún wọn: wákàtí 48. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a gbọ́dọ̀ mú un wá síwájú magistrat kí ó pinnu. Kódà nínú ọ̀ràn tó ṣàrà ọ̀tọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́jọ.

Láti ibẹ̀, ẹjọ́ náà di ti procureur de la République ní ilé-ẹjọ́ Pọ́bẹ̀. Òun ló ń fẹ̀sùn kàn lórúkọ gbogbo ìlú. Ó lè pa ìwé ẹjọ́ náà dé bí ẹ̀rí kò bá sí. Bí ọgbẹ́ náà bá jẹ́ èyí tó ti san, délit ni, ó sì lè gbé e lọ tààrà síwájú àwọn adájọ́. Bí ẹni tí a ṣá bá kú, ọ̀ràn ńlá ni, crime. Ó pọn dandan kí juge d'instruction kọ́kọ́ ṣe ìwádìí, kí ó wá ohun tó ń di ẹrù lé ẹni náà lórí àti ohun tó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Adájọ́ mìíràn, juge des libertés et de la détention, ló ń sọ bóyá kí a fi í sí àtìmọ́lé títí ìwádìí yóò fi parí. Àwọn adájọ́ tó sì máa dájọ́ kì í ṣe ẹni tó ṣe ìwádìí. Tẹ́lẹ̀, ìjókòó cour d'assises ni àwọn tó dá ọ̀ràn ńlá ń dúró dè, wọ́n sì ń dúró pẹ́. Láti ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ tó wà nítòsí ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí cour d'appel ní Kútọnu, lẹ́yìn náà sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ.

Ẹ wo ìyàtọ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ commandant nìkan ni a ti pín sí ọwọ́ mẹ́ta: ọwọ́ tó ń fẹ̀sùn kàn, ọwọ́ tó ń wádìí, ọwọ́ tó ń dájọ́. Nítorí náà, bí adájọ́ bá tú ẹnì kan sílẹ̀ lónìí, kò yẹ ká sáré sọ pé owó ló sọ̀rọ̀. Títí ìdájọ́ yóò fi jáde, òfin kà á sí aláìjẹ̀bi. A sì lè máa bá ẹjọ́ lọ nígbà tí ẹni náà wà ní ilé rẹ̀.

Ta ló wá ni ẹjọ́? Àdá tó ṣá ẹnì kan ti ṣá ìlú pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí ìdáríjì ẹbí kò fi tó láti dá ọwọ́ procureur dúró. Síbẹ̀ ìlàjà kò ṣòfò. Ẹni tí a ṣẹ̀ lè dúró gẹ́gẹ́ bí partie civile, kí ó béèrè owó ìtọ́jú àti ìtanràn tirẹ̀. Àwọn adájọ́ sì lè ro ìròbìnújẹ́ àti àtúnṣe mọ́ ìdájọ́ wọn. Ohun tí àwọn àgbà ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò kú. Ó ti di apá kan ẹjọ́, kì í tún ṣe gbogbo rẹ̀ mọ́.

Ohun kan kò tíì yí padà tó: èdè Faransé ni ẹjọ́ ń sọ. Òfin fún ẹni tí kò gbọ́ ọ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ tó ti búra. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí ní èdè méjèèjì, ẹ̀yin ni ẹbí yóò pè ní ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé tí a kò tíì túmọ̀ fún un, kí ẹ sì rántí láti wo aago: wákàtí 48. Àwọn baba wa tí commandant rán lọ sẹ́wọ̀n ọjọ́ 15 kò ní aago kankan tí wọ́n lè wò.