Kí ẹ tó yan họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ gbọ́ ìtàn tó wà lára ògiri ẹ̀

"Àǹtí, Mellanby ni àbí Zik?" "Àǹtí, ṣé Moremi dáa ju Mozambique lọ?" Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ilé wa ní Ìyìn ti ń rí admission gbà, ìbéèrè yìí ò kúrò lórí WhatsApp mi mọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́: èwo ni omi ibẹ̀ kì í tán, èwo ni ariwo ò pọ̀ níbẹ̀. Màá sọ ìyẹn fún wọn ní kọ̀rọ̀. Èyí tí mo fẹ́ kọ síbí ni ìtàn àwọn ilé náà fúnra wọn, torí ọmọ Èkìtì pọ̀ nínú ẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ẹ̀. Ó gùn o. Ẹ wá ibi jókòó sí. 🧵

Ìbàdàn la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni University College, Ibadan fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá láti Higher College ní Yábàá. Kò sí Mellanby, kò sí Zik. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n kó wọn lọ, nínú ọgbà ilé ìwòsàn tí àwọn ológun lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbà náà ni J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, tó ti kàwé ní Adó kó tó kọjá sí Èkó. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ó tún pàdé ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọgbà gidi, tọkọtaya kan láti London, Maxwell Fry àti Jane Drew, ni wọ́n gbé iṣẹ́ yíya àwòrán ilé fún. Tí ẹ bá dé Mellanby tàbí Tedder, ẹ má kàn ju báàgì sílẹ̀. Ẹ wo bí ilé náà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, tí atẹ́gùn lè gba ojú kan yàrá wọlé kó gba ojú kejì jáde. Ẹ wo báákónì, ẹ wo àwọn ògiri onihò-ihò. Kò sí AC nígbà yẹn, atẹ́gùn Ọlọ́run ni wọ́n fi ṣírò gbogbo ẹ̀. Ní ọdún tí iná ò bá sí, tí ooru mú gan-an, ẹ ó rántí tọkọtaya yẹn.

Kenneth Mellanby tó ni orúkọ yẹn ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Kí ló ń ṣe kó tó dé Ìbàdàn? Kúrúnà. Mo ní kúrúnà! Onímọ̀ nípa kòkòrò ni, nígbà ogun ló sì fi àwọn ọkùnrin tó yọ̀ǹda ara wọn ṣe ìwádìí nílùú Sheffield, láti mọ bí kúrúnà ṣe ń ràn. Ohun tó rí ni pé ara sí ara ló sábà máa ń gbà ràn, kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ara aṣọ ìbora. Ẹni tó bá ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí á mọ̀ pé kò sí orúkọ tó yẹ ilé tí èèyàn ń há mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tedder ní tiẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì. Kuti ni ti Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, bàbá Fẹlá, ọ̀gá ilé ìwé Abẹ́òkúta Grammar School. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé dìde ní 1943 láti yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Sultan Bello kì í ṣe Sàdáúnà o, Muhammadu Bello ọmọ Usman dan Fodio ni. Queen Elizabeth ni ti ọbabìnrin tó wá sí Nàìjíríà ní 1956, Queen Idia sì ni ìyá ọba Bìní. Ẹ̀yin obìnrin, ó kéré tán, wọn ò fún wa ní ọ̀gá ológun kankan.

Èrò tó wà nídìí gbogbo ẹ̀, ọ̀dọ̀ Oxford àti Cambridge ni wọ́n ti mú un wá: pé ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé jẹ́ ara ẹ̀kọ́. Ọmọ Ìyìn, ọmọ Calabar àti ọmọ Sókótó á jọ sùn, wọ́n á jọ jẹun nínú yàrá oúnjẹ kan. Ilé ìwé ló ni bẹ́ẹ̀dì, òun ló sì ni ìkòkò. Ibi ìkòkò yẹn ni wàhálà máa wá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Congo.

Ẹ bi àwọn ọmọ Independence Hall ní orúkọ ìnagijẹ wọn, wọ́n á ní "Katanga Republic". Ti Zik ni "Baluba Kingdom". Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi kígbe, ọ̀pọ̀ ni ò sì mọ ibi tó ti wá. Ní oṣù keje 1960, agbègbè Katanga ní òun ti ya kúrò lára Congo. Àwọn Baluba tó wà ní àríwá Katanga kọ̀ jálẹ̀, ni ogun bá bẹ́ sílẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ọmọ ogun lọ, ti Nàìjíríà náà lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ológun wa tó jà ní àríwá Katanga ni Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì. Àmì-ẹ̀yẹ Military Cross ni wọ́n fún un fún ohun tó ṣe níbẹ̀. Katanga tí àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn ní ìdíje bọ́ọ̀lù, ìbọn gidi ni ẹ̀gbọ́n wa láti Adó dojú kọ níbẹ̀.

Fájuyì yìí kan náà ló di gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1966. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n wá mú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Yunifásítì Ifẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe họ́sítẹ́ẹ̀lì kan. Nítorí náà, ọmọkùnrin Adó tí wọ́n bá fún ní Fajuyi Hall tó wá ń ráhùn pé Awo lòun fẹ́, jọ̀ọ́, ulé bàbá ẹ ni wọ́n fún ẹ yẹn.

Ta ló wá jókòó sípò Fájuyì? Robert Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn. Tiwa gan-an. Òun ló ṣì jẹ́ gómìnà ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 1971, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ìkòkò di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Bó ṣe lọ rèé. Àwọn ọmọ Zik Hall ń bínú sí bí wọ́n ṣe ń bójú tó oúnjẹ wọn, wọ́n ní kí wọ́n mú ẹni tó wà nídìí ẹ̀ kúrò. Oúnjẹ lásán. Ọ̀rọ̀ náà ràn ká ọgbà, wọ́n pe ọlọ́pàá, ọlọ́pàá yìnbọn, ìbọn sì ba Kúnlé Adépéjù. Ó kú. Kò tíì sí ẹni tí ọlọ́pàá yìnbọn pa rí nínú ọgbà yẹn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Kazeem. Orúkọ Adépéjù ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ UI títí di òní, ẹ ó máa kọjá níwájú ẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má yí ọ̀rọ̀ mi po ní comment: ọlọ́pàá ò sí lábẹ́ gómìnà, ti ìjọba àpapọ̀ ni.)

Ọdún méje lẹ́yìn náà, oúnjẹ tún ni. Ní 1978, lábẹ́ ìjọba ológun Ọbásanjọ́, wọ́n gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní 50 kọ́bọ̀ lójúmọ́ sí náírà kan àti 50 kọ́bọ̀. Ìlọ́po mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n ní kí Ahmadu Ali, kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́, máa lọ. "Ali Must Go" tí àwọn bàbá wa máa ń sọ nìyẹn. Ní UNILAG, wọ́n yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Akíntúndé Òjó.

Ta ni ọ̀gá àgbà UNILAG nígbà yẹn? Adé Àjàyí. Ọmọ Ìkọ̀lé tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1948. Ìjọba yọ ọ́ nípò nítorí rògbòdìyàn náà. Mo máa ń ronú sí i gan-an: ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí họ́sítẹ́ẹ̀lì ò ju ọgbà ilé ìwòsàn àtijọ́ lọ, òun náà ni wọ́n fi owó oúnjẹ họ́sítẹ́ẹ̀lì lé lọ. Ali ni wọ́n ní kó lọ, Àjàyí ló lọ.

Ní 1984, ìjọba ológun Buhari fọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ pátápátá. Ìkòkò kúrò, bẹ́ẹ̀dì ló kù. Àtìgbà yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé sítóòfù wọ yàrá, tí kọ́rídọ̀ sì di ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀dì tó kù gan-an ò tó mọ́, ni èèyàn bá ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́nìkan ní méjì-méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Ifẹ̀ náà ní tiyín. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù keje 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ya wọ Awolowo Hall, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pè ní Afrika, wà nínú wọn. Tí mọ́mì yín bá ń béèrè nípa ẹ̀ṣọ́ àti géètì ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, ẹ má pòṣé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì gbàgbé òru yẹn.

Adó ńkọ́? Ní 1982 ni ìjọba Ajásìn ní Òǹdó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́ ni Obafemi Awolowo University. Bẹ́ẹ̀ ni o, àwa la kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, kó tó di pé Ifẹ̀ jẹ́ ẹ ní 1987. Ẹ lọ fi bá àwọn ọmọ Ifẹ̀ jà. Lẹ́yìn náà ló di Ondo State University, ó di University of Ado-Ekiti, ó wá di EKSU ní 2011. Bí orúkọ ṣe ń yí, ohun kan ò yí: púpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, ìta ni wọ́n ń gbé. Ìwòròkò gbà wọ́n sílé. ABUAD, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, ní kí gbogbo ọmọ òun máa gbé inú ọgbà. Lórí ọ̀rọ̀ ilé, bí 1948 ni ABUAD ṣe ń ṣe é, bí ọjà ni ti Ìwòròkò.

Nítorí náà ọmọ Ìyìn tó wọ EKSU kì í bi mí pé Mellanby àbí Zik. Ohun tó ń bi mí ni pé ṣé kànga wà níbẹ̀, ṣé owó ọdún kan ni lánlọ́ọ̀dù ń gbà àbí ọdún méjì, ṣé irin wà lójú fèrèsé. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Ìwòròkò àti Ìyìn, síbẹ̀ mo lè sọ ẹni tó ni orúkọ tó wà lára họ́sítẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn fún yín, n ò lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ sí Ìwòròkò. Àwọn ilé yẹn náà ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń gba ọmọ sílé. Ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìdìtẹ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó di kọmíṣọ́nà lónìí ti jẹ gàrí níbẹ̀. Kò sí pátákó kankan lára wọn.

Ẹ̀yin bọ̀dá àti àǹtí tí ẹ gbé Ìwòròkò nígbà tó ṣì ń jẹ́ Ondo State University, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ilé tí ẹ gbé, orúkọ tí ẹ ń pe lánlọ́ọ̀dù, àti iye tí ẹ san lọ́dún sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń kó o jọ.