Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀ràn bá ti kọjá èyí tí à ń rán ọmọdé, wọ́n á ní kí ẹni tó ni ín wá fúnra rẹ̀, kí àwọn lè wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń rò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fetí sí àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ wa yóò rí i pé kì í ṣe ènìyàn nìkan ló ní ojú.

Lẹ́nu babaláwo, ojú odù jẹ́ 16, àmúlù 240 yòókù sì jẹ́ ọmọ wọn. Àgbà ni ojú níbẹ̀. Lọ́dọ̀ apẹja, ihò ni: bí ojú àwọ̀n bá fẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ á yọ. Nọ́ọ̀sì ń wo ojú egbò bóyá ó ti ń dí. Rélùwéè tó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn ní 1901, ojú irin la ń pe ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn àyàn ló ti dùn mọ́ mi jù. Bàtá ní ojú méjì. Èyí tó tóbi ń jẹ́ ojú òjò, èyí tó kéré ń jẹ́ ṣáṣá. Ọwọ́ ni àyàn fi ń lu ojú òjò, bílálà ló fi ń na ṣáṣá. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà mú ìlù yìí dání nínú ọkàn wọn, wọ́n sì tún un ṣe lọ́hùn-ún. Títí dòní, chachá ni wọ́n ń pe ojú kékeré. Ojú ńlá ni wọ́n ń pè ní enú, èyí tí í ṣe ẹnu. Ojú la pè é níhìn-ín, ẹnu ni wọ́n pè é lọ́hùn-ún, kò sì sí èyí tó ṣì í, nítorí ibẹ̀ ni ìlù ti ń bá ènìyàn pàdé.

Ìpàdé yìí ni mo rò pé ó wà nídìí púpọ̀ nínú àwọn ojú wọ̀nyí: ojú abẹ́rẹ́ ni ibi tí òwú ti ń wọ̀ ọ́, ojú ìlù ni ibi tí awọ ti ń gba ọwọ́, ojú ogun ni ibi tí ogun ti ń kojú ogun. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé ò mọ̀ ju ojú tí a fi ń ríran lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi apẹja, àyàn àti nọ́ọ̀sì léèrè kí ẹ tó kọ ìtumọ̀ ojú, kí ẹ sì kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ìtumọ̀ tirẹ̀.