Ọjà Tí Kò Bá Àpèjúwe Rẹ̀ Mu: Ìtàn Ìdápadà Owó, Láti Ọjà Ọrọọrún Dé Orí Ayélujára

Bí ènìyàn bá wà ní Òfìkì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo ní Òkè-Ògùn, tí ó sì fẹ́ ra fóònù lónìí, kò di dandan kí ó wọkọ̀ lọ sí Ṣakí tàbí Ìbàdàn mọ́. Yóò wo àwòrán, yóò ka àpèjúwe tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí kò rí rí, yóò sì máa retí wébíìlì. Bí ẹrù náà bá dé, tí ohun tí wọ́n pè ní tuntun wá jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n tún ṣe, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù: báwo ni owó yóò ṣe padà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbéèrè yìí bá ẹ̀rọ ayélujára wọ̀lú ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti wà láti ìgbà tí ènìyàn ti ń ra ohun tí kò fojú rí. Ìtàn rẹ̀ sì fi hàn pé ìlérí ẹnu kì í sábà dá owó padà. Ohun méjì ni ó ń dá a padà: kí a mọ ibi tí a ti lè rí olùtajà, tàbí kí owó má tíì dé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ọjà ọrọọrún. Níbẹ̀, ojú àti ọwọ́ ni olùrà fi ń rajà. Yóò bu èlùbọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi imú gbóòórùn rẹ̀, yóò ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò ẹ̀gúsí láti mọ̀ bóyá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti òkè. Yóò wo ìdí kóńgò pẹ̀lú, nítorí àwọn aláìṣòótọ́ a máa fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú kí òṣùwọ̀n lè dínkù. Bí ó bá ti wò ó, tí ó nájà, tí ó sì sanwó, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí wọn yóò sọ fún un pé ojú rẹ̀ ni ó fi rà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀tàn bá farasin, ọ̀nà àbáyọ ṣì wà. Olùtajà náà ní ìsọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, yóò sì tún wá ní ọjà tí ń bọ̀. Ó ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà sì ní olórí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, Ìyálọ́jà ni a ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ bá. Láàárín àwọn Ẹ̀gbá, àwọn Pàràkòyí ni olóyè tí ó ń mójú tó ọ̀ràn òwò. Ẹni tí kò bá dá owó olówó padà lè pàdánù orúkọ rẹ̀, ọjà rẹ̀ yóò sì kùtà. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Nínú ọjà, orúkọ rere ni ohun ìdógò olùtajà.

Òkè-Ògùn tún mọ ẹ̀kọ́ kejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní sẹ́ńtúrì tó kọjá, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìṣẹ́yìn, Àgọ́-Àrẹ àti Ṣakí gbin tábà fún ilé-iṣẹ́ sìgá. Bí ewé bá gbẹ tán, ẹni tí ó ń rà á ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò pín in sí ìpele-ìpele, tí yóò sì sọ iye tí ìpele kọ̀ọ̀kan tọ́ sí. Ewé tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sanwó rẹ̀. Àgbẹ̀ kò rí ẹni gbìjà rẹ̀ tó nínú ètò yìí, ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà nínú rẹ̀: olùrà tí ó ń yẹ ọjà wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kì í wá ìdápadà owó kiri.

Òfin náà kò dákẹ́. Ní 1893, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe Òfin Títa Ọjà, ó sì wà lára àwọn òfin tí ìjọba amúnisìn mú wọ ilẹ̀ wa. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà nínú ìwé òfin 1959, Òkè-Ògùn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kókó rẹ̀ kò le: bí a bá ta ọjà nípa àpèjúwe, ọjà náà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Bí kò bá bá a mu, olùrà lè kọ̀ ọ́, kí ó sì béèrè owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbà á mọ́ra, tàbí tí ó fi í sílẹ̀ pẹ́ láìsọ̀rọ̀, ẹ̀tọ́ àtikọ̀ ọ́ yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Owó ìtánràn nìkan ni yóò kù fún un láti béèrè. Òfin náà dára, àmọ́ ilé ẹjọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Ta ni yóò gba lọ́yà nítorí bàtà kan?

Ní Amẹ́ríkà, oníṣòwò kan gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1872, Aaron Montgomery Ward bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà láti Chicago fún àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n jìnnà sí ìlú ńlá. Ìwé ni ó fi ń polówó, ojú irin ni ọjà sì ń gbà lọ. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí dà bí ará Òfìkì òní: wọn kò rí ọjà, wọn kò rí olùtajà. Ní 1875, Ward ṣèlérí pé ẹni tí ọjà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè dá a padà, kí ó sì gba owó rẹ̀. Ìlérí náà mú èso jáde nítorí pé Ward ní àdírẹ́sì kan, kò sì lè sá kúrò níbẹ̀.

Nàìjíríà dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀ nípa òfin ní 1992, ṣùgbọ́n ó di 1999 kí iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun, èyí tí ó ń jẹ́ òfin 2018, àjọ FCCPC sì rọ́pò ìgbìmọ̀ àtijọ́. Òfin yìí ka fífi àpèjúwe tan oníbàárà jẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní kí olùtajà sọ ọ́ gbangba bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe. Ó tún ní ọjà tí a rà nípa àpèjúwe gbọ́dọ̀ rí bí oníbàárà tí ó lójú lára yóò ṣe retí rẹ̀. Nítorí náà, àkọlé tí àwọn ilé ìtajà kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri, pé kò sí ìdápadà owó, kò lágbára lórí ọjà tí ó yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n pè é.

Kí òfin yìí tó dé, ọjà ti wà lórí ayélujára. Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní 2012, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rù ń ba ará ìlú láti sanwó ṣáájú. Wọ́n gbà kí oníbàárà sanwó nígbà tí ẹrù bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní Ṣáínà, Alibaba gba ọ̀nà tí ó jọ ọ́: láti 2004 ni Alipay ti ń di owó mú títí olùrà yóò fi jẹ́rìí pé ọjà ti dé bí ó ti yẹ. Yorùbá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Onígbọ̀wọ́ ni à ń pè é.

Ṣùgbọ́n apá títóbi nínú òwò ayélujára wa kò ní onígbọ̀wọ́. Orí WhatsApp, Facebook àti Instagram ni wọ́n ti ń dúnàá-dúrà, owó á sì lọ tààrà sínú àpò-owó olùtajà. Báńkì kò lè ṣàdédé yọ owó náà padà láìsí àṣẹ ẹni tó ni àpò náà tàbí ti ilé ẹjọ́. Wébíìlì gan-an, gbèsè rẹ̀ ni a ń san kí a tó tú u. Bí olùtajà bá tilẹ̀ gbà láti dá owó padà, ta ni yóò sanwó ọkọ̀ tí yóò gbé ẹrù padà láti Òfìkì dé Èkó? Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ilé ẹjọ́ fún gbèsè kéékèèké ní 2018, fún ọ̀ràn tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Èyí dára fún ará Èkó. Ẹni tí ó wà ní ìdí odò Òfìkì ni ọ̀nà jìn sí.

Kí a má sì gbàgbé pé Òkè-Ògùn ń tà bí ó ti ń rà. Aṣọ òfì Ìṣẹ́yìn ti di ọjà orí ayélujára, àwọn kan sì ń fi orúkọ rẹ̀ ta aṣọ tí ẹ̀rọ hun. Yorùbá tí ó bá rà á lọ́wọ́ oníṣòwò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 30 láti kọ aṣọ tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu, lábẹ́ òfin 2015 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá kọ̀ ọ́, olùtajà yẹn yóò pàdánù owó, ṣùgbọ́n ahunṣọ Ìṣẹ́yìn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò pàdánù orúkọ.

Nítorí náà, ohun tí ìtàn yìí fi lé olùrà lọ́wọ́ kò pọ̀. Kí ó fi àwòrán àti àpèjúwe tí ó rí pamọ́ kí olùtajà tó pa á rẹ́. Kí ó yàn láti sanwó lẹ́yìn tí ó bá rí ọjà, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Bí ọjà kò bá bá àpèjúwe mu, kí ó má lò ó; kí ó kọ̀wé sí olùtajà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ FCCPC bí kò bá gbọ́. Ohun tí ó kù, ti ìjọba ni. Ẹ̀tọ́ ti wà nínú ìwé láti 1893, ṣùgbọ́n ọjà ọrọọrún ní ohun kan tí ìwé kò ní: ẹni tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ wà nítòsí. Títí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi wà nítòsí Òfìkì, owó tí ó bá ti lọ sí ọwọ́ àjèjì yóò máa ṣòro láti gbà padà.