Ciprofloxacin àti Àwọn Ohun Tí Kò Bá A Rẹ́

Ciprofloxacin, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sípírò, jẹ́ oògùn apakòkòrò tí ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì ṣe, tí ó sì dé ọjà ní 1987. Táífọ́ọ̀dù ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká lọ́dọ̀ wa.

Irin, magnesium, aluminium, calcium àti zinc ni wọ́n kọ́kọ́ ń bà á jẹ́. Tí Sípírò bá pàdé wọn nínú ikùn, wọ́n á so mọ́ ọn, ìfun kò sì ní lè fà á wọ inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Irin wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀, magnesium wà nínú Mist Mag tí ọlọ́gbẹ́ inú ń mu, calcium sì wà nínú mílíìkì. Ìdí nìyí tí àdàlù tí àwọn oníkẹ́míìsì kan máa ń dì sínú ọ̀rá fi jẹ́ òfò: Sípírò kan, Flagyl kan, oògùn ibà, oògùn ẹ̀jẹ̀, ó di gbàù sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà! Owó Sípírò ti wọgbó, kòkòrò tí kò kú á sì máa gbó sí i.

Wákàtí méjì kí a tó lo àwọn nǹkan wọ̀nyí, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn, ni kí a lo Sípírò. Ẹni tó ń lò ó ní aago méje àárọ̀ àti méje alẹ́ lè fi oògùn ẹ̀jẹ̀ sí àárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán.

Ti obì kan ará Ìsarà, ìlú kan ní Rẹ́mọ, gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ilẹ̀ obì ni Rẹ́mọ. Sípírò máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti fọ́ kafíìnì inú obì, àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á dá. Ọ̀nà kan náà ni theophylline, oògùn ikọ́ fée, fi ń pọ̀ lápọ̀jù lára, èyí sì lè fa gìrì. Ti tizanidine, oògùn tó ń dẹ iṣan, tilẹ̀ le débi pé a kò gbọ́dọ̀ lò ó pọ̀ mọ́ Sípírò rárá.

Pẹ̀lú Daonil, ṣúgà ara alátọ̀gbẹ lè já wálẹ̀ lójijì. Pẹ̀lú warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà. Prednisolone ní tirẹ̀ ń mú kí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ tètè já, pàápàá fún ẹni tó ti ju 60 ọdún lọ. Bí ibẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, kí a dáwọ́ Sípírò dúró, kí a rí dókítà. Ìpara Àbónikì kọ́ ló kàn.